Dortmund àti Ìbàdàn: ta ló yẹ kó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló yàtọ̀ jù láàárín Jámánì àti Nàìjíríà, wọ́n á ti máa retí kí n sọ̀rọ̀ iná, owó tàbí òtútù. Lójú tèmi o, ohun tó yàtọ̀ jù ni pé ní Dortmund tí mò ń gbé, ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ á ti mọ̀ kí wọ́n tó ṣe é, ṣùgbọ́n n'Ìbàdàn ọjọ́ tí katapílà bá dé làdúgbò máa mọ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè kọ́ sórí ilẹ̀ kan ládùúgbò wa níbí, màá ṣí màápù ìlú lórí fóònù, màá tẹ ibẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣètò fún un, ìwé tí wọ́n ń pè ní Bebauungsplan á jáde, wàá rí i pé ilé alájà mélòó ni wọ́n fàyè gbà, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì tó, ibo ni wọn ò gbọdọ̀ gé igi. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i gan-an, òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e síta fún nǹkan bí oṣù kan kí aráàlú wò ó, tí nǹkan kan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó o kọ ọ́ ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ ìlú sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tó o kọ yẹ̀ wò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè kọ, àlejò bíi tèmi náà lè kọ.

Kódà owó ilẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn máa ń wo iye tí wọ́n ta ilẹ̀ ládùúgbò kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, iye yúrò lórí mítà kan níbùú lóròó. BORIS ni wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia yìí. Ajẹ́ńtì kan ò lè wá sọ fún ẹ pé ilẹ̀ ti gbówó lórí láti àná. Orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ nìkan ni wọn ò ní fi hàn ẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi tó o bá ní ìdí tó ṣe gúnmọ́, mo sì rò pé ìyẹn dáa.

Ẹ wá wo ti ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ ra plọ́ọ̀tì kan, 50 by 100, lẹ́yìn Ìbàdàn lọ́hùn-ún, wọ́n pè mí kí n dá sí owó ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣe charting ẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí màápù ìjọba, ṣé kò sí lábẹ́ acquisition, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà?" Wọ́n ní sọ́fẹ́yọ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ mú wá ti ní kò sí nǹkan kan. Mo ní omi ńkọ́, ibo lomi ń gbà níbẹ̀ tójò bá rọ̀? Wọ́n ní ìgbà ẹ̀rùn làwọn lọ wò ó, gbogbo ẹ̀ gbẹ táútáú. Èèyàn tó kàwé ni ẹ̀gbọ́n mi o, ọgbọ́n ò tán nínú wọn, ibo gan-an ni wọ́n fẹ́ ti rí ìdáhùn? Wọ́n á wá sọ́fẹ́yọ̀ tiwọn, wọ́n á sanwó charting, wọ́n á lọ sí ọ́fíìsì kan, àwọn tó wà níbẹ̀ á ní kí wọ́n padà wá lọ́la, tó bá wá di ọ̀rọ̀ ibi tí omi ń gbà, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lóhùn. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà òjò, kí wọ́n lọ bi àwọn ìyá tó ń tajà létí títì ibẹ̀, torí àwọn yẹn ló mọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn: ẹni tó mọ èèyàn ló máa mọ òótọ́ ilẹ̀, ẹni tí ò mọ èèyàn á rà á bẹ́ẹ̀, á tún san owó fawundéṣọ̀n fọ́mọ onílẹ̀ lé e.

Òfin sì wà. Land Use Act ti 1978 sọ pé gómìnà ló ń tọ́jú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ fún ànfààní gbogbo ará Nàìjíríà. Ó dáa, tó bá ń bá gbogbo wa tọ́jú ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo wa ò lè rí màápù ẹ̀? Òfin ètò ìlú ti 1992 náà wà, ó ní kí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ máa ṣe plan. Wọ́n ń ṣe plan o, inú fáìlì ló ń wà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìmọ̀ ò wọ́n wa. Agbègbè Ruhr tí mò ń gbé yìí, ní gbogbo ìgbà tí èédú àti irin fi ń mówó wọlé fún wọn, wọn ò ní yunifásítì títí di 1965 tí ti Bochum, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dortmund, ṣílẹ̀kùn, ti Dortmund tẹ̀ lé e ní 1968. Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti 1948! Ibùdó ìwádìí igbó wà n'Ìbàdàn, ti kòkó wà níbẹ̀, IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, dé ní 1967, ní 1972 wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń ya màápù látojú òfuurufú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje tó kú ní 2022, Ìbàdàn ló ti ṣe olùkọ́, òun lọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bẹ láàárín wa, ohun tí wọ́n mọ̀ ni kì í dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ra plọ́ọ̀tì.

Nígbà tí èédú bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́wọ́ àwọn ará ibí, yunifásítì wà lára ohun tí wọ́n fi gbé agbègbè yẹn dìde, àwọn ìlú ẹ̀ sì ti ń jọ plan láti 1920, 53 ni wọ́n lónìí. Mò ń gbé Dortmund, mò ń ṣiṣẹ́ ní Bochum, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni mo fi ń wọ tírénì àti bọ́ọ̀sì méjèèjì, 49 yúrò lóṣù ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní May 2023, wọ́n ti fi owó lé e. Ẹ wo ẹni tó ń gbé Mowe tàbí Ibafo, Ògùn ló ń sùn, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ta ló ń plan ọ̀nà ẹ̀? Ìwọ̀-Oòrùn ti ń plan pa pọ̀ rí, ìgbà yẹn ni Bódìjà, ìgbà yẹn ni Cocoa House. Ìpínlẹ̀ wá pín, kálukú gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. DAWN Commission, àjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jọ dá sílẹ̀ ní 2013, ń gbìyànjú láti kó wọn jọ, ṣùgbọ́n kò lágbára láti sọ fún gómìnà kankan pé má ṣe tibí.

Adágún kan wà níbí tó ń jẹ́ Phoenix-See. Ilé iṣẹ́ irin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kógbá sílé ní 2001, àwọn ará Ṣáínà ra ẹ̀rọ ẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n kó o lọ sílé wọn. Ilẹ̀ tó kù, wọn ò sáré gé e ní plọ́ọ̀tì plọ́ọ̀tì. Wọ́n gbẹ́ ẹ, ní October 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó omi sí i, ó tó hẹ́kítà 24, wọ́n ṣe é kó lè gba omi odò Emscher tójò bá pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ìyẹn nilé wá yí i ká, ilé tó wọ́n gan-an o, òṣìṣẹ́ lásán ò lè dábàá ẹ̀, ìyẹn ò dùn mọ́ mi. Emscher fúnra ẹ̀, fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀gbin ilé ni wọ́n ń dà sí i ní gbangba, torí kùsà èédú ń mú kí ilẹ̀ máa rì, páìpù ò lè dúró nísàlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 1992, wọ́n ná ju bílíọ̀nù 5 yúrò lọ, ìparí 2021 ni ẹ̀gbin tó kúrò nínú ẹ̀ pátápátá. Ìjọba ń wọlé, ìjọba ń jáde, iṣẹ́ ò dúró. Odò Ọ̀gùnpa n'Ìbàdàn ti kún pa èèyàn ní 1980, ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ti Emscher rárá, ní August 2011 omi tún pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn.

Ibí náà ní tiẹ̀ o. Nǹkan wọn máa ń pẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan kékeré á dúró títí ara ẹ̀ á bù máṣọ, nígbà tó jẹ́ pé nílé ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù á ti máa tajà. Ní July 2021 omíyalé pa èèyàn tó lé ní 180 ní Jámánì, bẹ́ẹ̀ màápù ibi tí omi lè dé wà níta, ìkìlọ̀ ni ò tètè kan àwọn èèyàn lára. Mo ka ìyẹn sí gan-an, torí ó fi hàn pé gbígbé màápù síta nìkan ò tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn, wọ́n sì fi lára ẹ̀ ṣe master plan ìlú àti ti ojú àgbàrá. Owó yíyá ni, gbogbo wa la máa san án. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ gbé e sórí fóònù àwọn èèyàn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n ka á ní Yorùbá lórí rédíò. Màápù ojú omi ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ ní dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀ kankan.