Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa gbà wọlé kí wọ́n tó fi stent sí iṣan ọrùn màmá yín

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí àwọn dókítà fi stent kejì (ọ̀pá wáyà kékeré oníhò tó ń jẹ́ kí iṣan tó há ṣí sílẹ̀) sí iṣan ọrùn màámi níbí ní Houston, iṣan ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti gbé e wọlé dé ọrùn, màámi sì ti ń rokà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ o, torí àyà mi ṣì ń já tí mo bá ti rántí ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ti lé ní 70, tó ní bí-pí àti ṣúgà, ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀tún màámi kàn ṣókùnkùn lójijì bí ẹni fa kọ́tìnnì wálẹ̀, kò pẹ́ ó tún là padà. A dé ọsibítù, wọ́n ní iṣan méjèèjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọpọlọ ti há, t'ọ̀tún ló le jù, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Wọn ò lè la ọrùn yẹn torí wọ́n ti fi ìtànṣán wo kánsà níbẹ̀ rí, stent ló kù. Wọ́n gbé ìwé wá, mo sáìn. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n máa gbà.

Itan ni wọ́n gbà, lókè níbi tó ti pàdé ikùn. Stent wọlé dáadáa, inú wa dùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, màámi ní ẹ̀yìn ń ro àwọn. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ síbì kan látàárọ̀ ni, torí tí wọ́n bá gba itan, èèyàn ò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Èmi náà sọ fún wọn pé "Màámi, ẹ rọra fara dà á." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù títí di òní. Ìgbà tó máa fi tó aago mẹ́sàn-án, òógùn ti bo màámi, ara wọn tutù bíi omi yìnyín, ètè wọn funfun, bí-pí òkè ti já sí 70. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní "Àdùkẹ́, ṣé bó ṣe máa rí nìyí?" A ò sì rí ẹ̀jẹ̀ kankan níta o! Inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìfun, ló ń dà sí, pẹ̀lú aspirin àti clopidogrel àti heparin tí wọ́n ti fún wọn tí ò jẹ́ kó dì. Wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀dì sáré, èmi dúró ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ìborùn màámi lọ́wọ́. Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí wọn lára.

Mi ò bú dókítà kankan o, àwọn náà ló gbà wọ́n là. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ béèrè. Iṣan ọrùn ọwọ́ ò jìn, orí eegun ló wà, tó bá ṣẹ̀jẹ̀ ẹ máa rí i, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ á dá. Kì í ṣe nǹkan tuntun, dókítà Campeau ní Montreal ní Kánádà ti kọ̀wé lórí bó ṣe ń gba ibẹ̀ yẹ ọkàn wò láti 1989.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu, mo mọ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún, iṣan ọrùn òsì máa ń ṣòro dé torí kọ́nà ẹ̀ le. Ti màámi rọrùn torí àwòrán fi hàn pé ojú kan náà ni iṣan ọrùn t'òsì àti t'ọ̀tún ti yọ. Torí náà ẹ ní kí dókítà fi àwòrán yẹn hàn yín, kẹ́ ẹ sì béèrè. Wọ́n tún máa ń tẹ iṣan méjèèjì tó wọ àtẹ́lẹwọ́ pa, wọ́n á tú ìkan sílẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá àtẹ́lẹwọ́ máa tètè pọ́n padà, torí tí ìkan bá dí, ìkejì ló máa bọ́ ọwọ́. Ewu rọpárọsẹ̀ ṣì wà níbi yòówù kí wọ́n gbà, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo ní kò sí.

Lọ́tẹ̀ yìí, iṣan ọwọ́ màámi kọ́kọ́ fún pọ̀, ó dùn wọ́n, wọ́n fún un lóògùn, ó dẹ̀. Wọ́n de bẹ́líìtì kékeré tó ní afẹ́fẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n ń tú u díẹ̀díẹ̀, màámi jókòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ mu tíì.

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sáìn, ẹ jọ̀ọ́. "Dókítà, ibo lẹ máa gbà wọlé? Ṣé ọwọ́ ò ní ṣe é ṣe fún màámi? Kí ló dé?" Tí ẹ̀yìn bá sì ń ro wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gba itan, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n fara dà á.