Ẹ má pe gbogbo "ain't" inú orin ní àìkàwé

Ó máa ń ká mi lára gan-an, táwọn èèyàn bá ti gbọ́ "don't" níbi tó yẹ kí "doesn't" wà nínú orin, wọ́n á kàn ní olórin yẹn ò kàwé. Àǹtí kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ládùúgbò wa ní Agric, Ìkòròdú níbí, wá bá mi ní stúdíò, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń ba gírámà àwọn ọmọ wa jẹ́ o." Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ẹ mú orin tí Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1965 yẹn, (I Can't Get No) Satisfaction. Gírámà ní "any" ló yẹ kó wà níbẹ̀ dípò "no". Ó dáa, ẹ fi "any" kọ ọ́ síta kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹnu á há, ìró ẹ̀ á gé sí méjì, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa fà á dé, àmọ́ "no" yẹn, ẹnu á là, ẹ lè fà á títí èémí á fi tán, ìlù á sì gbé e. Wọ́n kọ́ wa pé tí "kò" bá ti di méjì nínú gbólóhùn kan, ó ti di "bẹ́ẹ̀ ni" nìyẹn, irọ́ ni, nínú orin yẹn ńṣe ni "can't" àti "no" ń ti ara wọn lẹ́yìn, inú tó ń bí ẹni tó ń kọrin ló ń le sí i. Chaucer gan-an tó kọ̀wé lédè òyìnbó ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn máa ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bill Withers, olórin Amẹ́ríkà, náà ńkọ́, tó kọ Ain't No Sunshine lọ́dún 1971? Ìlú àwọn tó ń wa èédú ní West Virginia ni wọ́n ti bí i. Ẹ fi "there is no" sí i dípò "ain't no", á dà bí ẹni ń ka ìròyìn ojú ọjọ́.

Nílé wa níbí, Fẹlá ni mo fi dá Àǹtí lóhùn. Bàbá ẹ̀ ni ọ̀gá iléèwé Abeokuta Grammar School, bàbá yẹn náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, Fẹlá fúnra ẹ̀ tún lọ kọ́ṣẹ́ orin ní London. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ò gbọ́ gírámà? Ó mọ̀ ọ́n, pijin ló mú torí ó fẹ́ kí ará Gánà àti ará ọjà gbọ́ ọ pọ̀.

Èyí tí mi ò lè gbà ni kí wọ́n ba gírámà jẹ́ kó má sì fi nǹkan kan kún orin, ìyẹn pọ̀ nígboro, ọ̀lẹ ni.

Ọmọ kan wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ mi, "she doesn't want me" ló kọ wá. Ó ń kọsẹ̀ níbì kan náà ṣáá, "doesn't" yẹn ń kún un lẹ́nu, bíìtì sì ti ń lọ. Mo ní kó gbìyànjú "she don't", ló bá wọlé wẹ́rẹ́, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí ṣì ń bá mi fà á o, wọ́n ní WAEC ò ní torí bíìtì fún ọmọ ní máàkì. Òótọ́ ni. Mo ní kí wọ́n kọ orin yẹn sójú bọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ bí WAEC ṣe fẹ́, kí wọ́n wá sọ ìdí tí olórin ò fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.