Alẹ́ tí mo gbọ́ Red Headed Stranger tán

Ní alẹ́ àná, bí mo ṣe ń wakọ̀ láti Dallas lọ sí Austin, mo gbọ́ àwo Red Headed Stranger, tí Willie Nelson, akọrin country ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1975, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó ń sọ: oníwàásù kan pa ìyàwó rẹ̀ àti ọkùnrin tí ó bá lọ, ó sì di alárìnkiri lórí ẹṣin. Ohun tí ó mú mi dákẹ́ ni bí ohun èlò orin náà ṣe mọ níwọ̀n: jìtá Nelson, dùùrù tí Bobbie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń tẹ̀, ìlù díẹ̀. Garland, nítòsí Dallas tí mo ti ń bọ̀, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá Columbia, ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde, rò pé ìdánrawò lásán ni (kí n sòótọ́, èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀), ṣùgbọ́n àdéhùn Nelson pẹ̀lú wọn fún un láṣẹ láti pinnu bí orin rẹ̀ yóò ṣe rí. Nígbà tí ó kan "Blue Eyes Crying in the Rain", orin tí Fred Rose kọ sílẹ̀, tí ó kọ́kọ́ gbé Nelson dé ipò kìíní lórí àtẹ orin country gẹ́gẹ́ bí akọrin, mo yà sí ilé epo kan, mo pa ọkọ̀, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.