Òjò ká mi mọ́ ojúde Senado ní Macau

Òjò wínníwínní ká mi mọ́ ojúde Senado láàárọ̀ yìí ní Macau, ìlú Ṣáínà tí àwọn Pọtogí ṣàkóso nígbà kan rí, díẹ̀ ló kù kí n fìdí jálẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú, tí wọ́n tò bí ìgbì omi bí àwọn Pọtogí ṣe ń ṣe é, ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ èrò ti jẹ́ kó dán. Bí omi bá ti kàn án, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kẹ́ ẹ wọ̀ o.

Lókè lọ́hùn-ún, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti São Paulo lọ́dún 1835, ògiri iwájú nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ gbójú sókè: Màríà tẹ dírágónì olórí méje mọ́lẹ̀, èdè Ṣáínà ni wọ́n sì fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojúbọ Na Tcha, òrìṣà àwọn ará Ṣáínà kan, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1888, fara tì í níbẹ̀.

Èdè Ṣáínà àti ti Pọtogí ló wà lára táìlì tí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò sí. Ti Ṣáínà ni kẹ́ ẹ fi han awakọ̀ takisí. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ Pọtogí.

Ta ló ti débẹ̀ nínú yín? Ṣé ilẹ̀ yẹn yọ̀ yín náà?