Ẹ Jẹ́ Kó Ṣe É Tán Kẹ́ Ẹ Tó Rán An Níṣẹ́

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń mú ọmọ wá sí kíláàsì jẹ́léósinmi wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: "Àǹtí, ọmọ yìí ò lè jókòó. Ọkàn ẹ̀ kì í dúró sójú kan." Mo máa ń bi wọ́n pé, tí ẹnikẹ́ni ò bá dí i lọ́wọ́ ńkọ́? Ìgbà yẹn ni ìyá á rántí pé ọmọ yìí kan náà lè lóṣòó ti èèrà tó ń gbé oúnjẹ wọ ihò, kó máa wò wọ́n títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. A jẹ́ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń pọkàn pọ̀ nìyẹn. Àwa àgbà là ń já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ilé wa ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń to ìdérí ìgò sórí ara wọn. Ó ti to márùn-ún, ó rọra ń mú ẹ̀kẹfà bọ̀, la bá pariwo orúkọ rẹ̀: "Wá gbé bàtà bàbá ẹ!" Kó tó gbé bàtà dé, ẹlòmíì ti ní kó bu omi wá. Nígbà tó bá padà sídìí ìdérí ìgò, kò mọ ibi tó bá a dé mọ́, á fẹsẹ̀ gbá a dànù. A ó wá ní alágídí ni.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù lọ ni pé kí n máa dúró. Tí mo bá fẹ́ pe ọmọ tó ti rì sínú nǹkan, màá lọ bá a níbẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀, màá wo ohun tó ń ṣe. Ìgbà tó bá gbójú sókè ni mo tó sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá yá mi, màá ní, "Tó o bá ti parí èyí, máa bọ̀." Àwọn ìyá àgbà kì í fẹ́ gbọ́ èyí o. "Irú ọmọ wo la ò ní rán níṣẹ́?" Ẹ rán an, màmá! Iṣẹ́ rírán gan-an ń kọ́ ọmọ láti fọkàn sí ọ̀rọ̀, tá a bá mọ̀ ọ́n rán. Kó kọ́kọ́ wojú yín. Ẹ dárúkọ ohun méjì, àwo àti ṣíbí, kó sì tún un sọ fún yín kó tó kúrò. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fi ife kún un. Tó bá gbé àwo nìkan dé, ẹ má pariwo; ẹ bi í pé, "Kí ni mo tún ní kó o mú?" kó fúnra rẹ̀ wá a lórí rẹ̀.

Ní ti eré, mi ò ra ohun ìṣeré olówó ńlá kankan. Bojúbojú ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ tó dijú, tó ń dúró kí wọ́n tó ní "Ṣí i!", ìkóra-ẹni-níjàánu ló ń kọ́ yẹn, ó sì le fún ọmọ kékeré ju bá a ṣe rò lọ. Ayò náà dáa: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún márùn-ún ò nílò òfin eré. Kó ṣáà máa pín in lọ́kọ̀ọ̀kan láì fo ihò. (Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé, ẹ kó ọmọ ayò kúrò nílẹ̀. Ẹnu ni yóò sọ ọ́ sí, ó sì lè há a lọ́fun.) Lálẹ́, ẹ pa àlọ́ àpagbè fún wọn, torí ẹni tó fẹ́ gbe orin gbọ́dọ̀ máa fetí sí ibi tí ìtàn dé.

Tá a bá kó wọn lọ sídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ìtàn gígùn. Màá ní kí wọ́n wá ìṣó irin tó wà lára òkúta yẹn, kí wọ́n fi ìka ya bí wọ́n ṣe tò ó. Ó parí. Ọmọ tẹ́ ẹ bá ní kó wo nǹkan mẹ́wàá ò ní rí ọ̀kan.

Ẹ tún wo èdè tẹ́ ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Èmi náà ń rí i: tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á ti máa fa irun ara wọn. Ẹ jẹ́ n fi Yorùbá sọ ọ́, ẹnu wọn á là sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ń sanwó fún. A ó kọ́ wọn.

Ti fóònù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má lò ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́ nídìí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, kó tiẹ̀ dín ló dáa. Wọ́n tún ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa sùn tó wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, tọ̀sán tòru. Èyí tó bá yín ṣe ìṣọ́ òru tó sì wá sí kíláàsì láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ fẹjọ́ ẹ̀ sùn mí.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ọmọ ṣì dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín, kẹ́ ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ pè é, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Tí kò bá yíjú, tàbí tó jẹ́ pé ẹnu yín ló máa ń wò kó tó dáhùn, tàbí tó ń lẹ ojú mọ́ ìwé, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Kẹ́ ẹ sì sọ fún àǹtí rẹ̀, kó lè gbé àga rẹ̀ wá síwájú.