Ọmọ Tó Ń Pàṣẹ fún Ẹṣin

Ẹ má rò pé ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọjọ́ ìgẹṣin àwọn ọmọ aláìsàn máa ń gun ẹṣin. Ẹsẹ̀ là ń fi rìn. Ẹnì kan á di ìjánu mú níwájú, ẹni méjì á máa bá a lọ lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ wọn ò ní jìnnà sí itan ọmọ tó jókòó lórí gàárì, kí wọ́n lè tètè gbá a mú bó bá fẹ́ yẹ̀. Ní England tí mo ń gbé, láti 1969 ni ẹgbẹ́ Riding for the Disabled Association ti ń gbé àwọn aláàbọ̀ ara gun ẹṣin. Ọjọ́ tí èmi máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ jẹ́ ti àwọn ọmọ tí àìsàn ńlá ń bá fínra: jẹjẹrẹ, àìsàn ọkàn, àti èyí tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀.

Kí àwọn ọmọ tó dé, a ti kó ìgbẹ́ ẹṣin, a ti fi irin ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ pátákò rẹ̀. (Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ìgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.) Dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọmọ tó gùn. Ọmọ tí oògùn jẹjẹrẹ ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tètè dì kò ní gùn ún, torí ewu ni bó bá ṣubú.

Ohun tó mú mi lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ọmọ tó ń ṣàìsàn, gbogbo ayé ló ń pàṣẹ fún un. Lanu. Na apá. Má sáré. Má jẹ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dórí ẹṣin, òun ló ń pàṣẹ, ẹranko tó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá ló sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan wà tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn látìgbà tó ti dé. Ó dórí ẹṣin, ó ní kó máa lọ, ẹṣin gbéra. Ó ní kó dúró, ó dúró. Ló bá sọ ọ́ di eré: máa lọ, dúró, máa lọ, dúró, àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń bá wọn dúró. Àwọn òbí míì máa ń fẹ́ sunkún. Ẹni tó ń darí wa á rọra fún wọn ní tíì, á ní kí wọ́n lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fara mọ́ ọn. Àánú àgbàlagbà máa ń su ọmọdé.

Nígbà tí mo wálé sí Ẹ̀pẹ́, tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba ni wọ́n ń sọ ní agboolé wa, ìdílé Balógun tí ẹṣin rẹ̀ máa pọ̀ jù lọ́dún yìí. Ibẹ̀ ni mo ti ní èmi náà máa ń fa ẹṣin lókè òkun. Ẹ̀rín pa wọ́n.

Bàbá kékeré ní, "Ìwọ tí ewúrẹ́ máa ń lé? Ṣé ẹṣin ń wo àìsàn ni?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹni tó gun ẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin á bá a jù ú." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Bí ẹṣin bá ń rìn, ó ń mi ìbàdí ẹni tó gùn ún bí ìgbà téèyàn ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ̀yìn àti ikùn ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ kó má baà ṣubú. Mo sọ ti Lis Hartel fún wọn, ará Dẹ́ńmákì tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní 1944. Ṣe ni wọ́n ń gbé e gun ẹṣin, tí wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ ó gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì Helsinki ní 1952.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó síbẹ̀, ọmọ SS ni, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell ló ń bá a fínra. Ó ní, "Àǹtí, ta ló máa ń dá ẹṣin dúró?" Mo ní, "Ìwọ ni."

Ni bàbá rẹ̀ bá gbé e: òun mọ ẹni tó ní ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n lè gbé ọ̀kan wá. Mo ní ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá. Ẹṣin tí wọ́n fi ìlù àti ìbọn tọ́ kọ́ là ń wá, ẹṣin àgbà tí nǹkan kì í yà lẹ́nu ni. Kí oòrùn tó mú ni kí wọ́n gùn ún, kí omi sì wà nítòsí, torí òǹgbẹ lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ SS. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ náà, ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹṣin kankan títí òun á fi bi dókítà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Ọmọ ò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó ti wà níta, ó ń pàṣẹ fún àgbò Iléyá pé kó máa lọ. Àgbò ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́.