Oscilloscope olówó pọ́ọ́kú: ibi tó ti tó àti ibi tí kò ti tó

Bó bá jẹ́ inverter, amplifier, ṣájà àti Arduino lẹ̀ ń ṣe, oscilloscope (skóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ìrísí fóltì sójú gíláàsì) kékeré oní-200 kHz tó yín lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. "MHz mélòó ni?" lẹni tó bá fẹ́ rà á máa ń kọ́kọ́ béèrè, bẹ́ẹ̀ MHz, ìyẹn ìyára rẹ̀, kọ́ ló ń pa ẹ̀rọ yìí mọ́ wa lọ́wọ́ l'Abẹ́òkúta níbí. Fóltì tó ju ẹnu rẹ̀ lọ ló ń pa á, pẹ̀lú ibi tí a bá fi klíìpù dúdú há.

Ẹ jẹ́ ká fi DSO138, ọ̀kan nínú àwọn kékeré yìí, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu kan ṣoṣo (ibi tí fóltì ń gbà wọlé) ló ní. Ó ń ka fóltì nígbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, 200 kHz ni ìyára rẹ̀ mọ, 50 V sì ni òpin ohun tó lè gbà. Ẹ wá fi ìyẹn wé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Iná NẸPA àti ti inverter, 50 Hz. PWM (iná tó ń tàn tó ń kú léraléra) ti Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ ètò sí, 490 Hz. Ẹsẹ̀ 5 àti 6 nìkan ló jẹ́ 980 Hz. Serial 9600 (dátà tó ń gba wáyà lọ ní bíìtì kọ̀ọ̀kan), bíìtì kan ń gba 104 µs. Ohùn orin kì í kọjá 20 kHz. Gbogbo ìyẹn ló wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. I2C oní-100 kHz (ọ̀nà tí àwọn IC fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), ẹ ó rí i pé nǹkan ń kọjá, àmọ́ igun rẹ̀ á ti rọ̀, ẹ ò ní lè kà á. Kírísítálì 16 MHz, ẹ gbàgbé.

Ibi tí mo ti rí i pé owó rẹ̀ kì í ṣòfò ni pawa sọ́pláì oní-tiransfọ́mà. Ẹ gbé CPL (súwíìṣì AC/DC/GND) sí AC, ẹ fi àkókò sí 5 ms fún àpótí kan, ẹ fi klíìpù dúdú sí nẹ́gẹ́tíìfù kapásítọ̀ ńlá, kẹ́ ẹ fi pupa sí pọ́sítíìfù rẹ̀. Pẹ̀lú díódì mẹ́rin, 100 Hz ló yẹ kẹ́ ẹ rí, ìyẹn ni pé òkè kan gbọ́dọ̀ gba àpótí méjì lójú skóòpù. Bó bá gba mẹ́rin, 50 Hz nìyẹn, ó kéré tán díódì kan ti já. Mítà kò ní sọ ọ́ fún yín: fóltì á kàn wálẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì lọ ra kapásítọ̀ tuntun lásán. Bó bá sì jẹ́ pé 100 Hz pé àmọ́ òkè náà ga jù, ẹ ṣírò rẹ̀: ampere tí ẹrù ń fà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.01, kẹ́ ẹ fi farad kapásítọ̀ pín in. 1 A lórí 2200 µF kò yẹ kó kọjá 4.5 V. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, kapásítọ̀ ti gbẹ.

Inverter oní-SG3525 (IC tó ń fún un ní ìlù 50 Hz) náà rọrùn fún un. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà àárín tiransfọ́mà kúrò lára bátìrì, kó jẹ́ bọ́ọ̀dù nìkan ló ń jẹ iná. Klíìpù dúdú sí ẹsẹ̀ 12, pupa sí ẹsẹ̀ 11, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ 14. Ìyípo kan ní láti jẹ́ 20 ms, kí apá tó dìde má sì pé 10 ms, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gáètì (ẹsẹ̀ ìdarí) MOSFET, súwíìṣì tó ń ti iná bátìrì sí tiransfọ́mà, lọ. Bí ẹsẹ̀ 11 bá dáa tí gáètì dákẹ́, rẹsítọ̀ gáètì ló máa ń jó. Bí fóltì gáètì bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ dípò kó já wálẹ̀, MOSFET yẹn kò ní tíì kú tán tí ìkejì á fi jí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹnu kan ṣoṣo kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí apá méjèèjì pọ̀. Tèmi ni pé àìní ẹnu kejì yìí dùn mí ju àìní MHz lọ.

Inverter pure sine (onígbì rírọ̀ bíi ti NẸPA) oní-IC EG8010 ló máa rẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo tí EG8010 ń fi sáàárín MOSFET òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà láti 300 ns sí 1.5 µs. Skóòpù 200 kHz nílò nǹkan bí 1.75 µs kí òun fúnra rẹ̀ tó gòkè tán, nítorí náà àlàfo náà kò ní hàn rárá. Fún irú iṣẹ́ yẹn, ẹ wá ẹlẹ́nu méjì oní-50 MHz sókè.

Ó tún máa ń purọ́. Bẹ́ ẹ bá fa àkókò gùn, kì í ka fóltì léraléra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, PWM 20 kHz sì lè fara hàn bí ìgbì tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó mọ́ lójú, tí kò sì sí níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àkókò tó yára jù, kẹ́ ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yí àkókò tí iye Hz náà bá a yí, irọ́ ni.

Ó wá ku iná ògiri. 230 V tí à ń pè é, orí rẹ̀ ń kan 325 V. Próòbù 10× (èyí tó ń pín fóltì sí mẹ́wàá) á sọ ọ́ di 32.5 V, ó bọ́ sábẹ́ 50, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń rò pé ó parí. Kò parí o. Klíìpù dúdú àti irin BNC (ojú tí próòbù ń wọ̀) tẹ́ ẹ ń fọwọ́ kàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ ẹ bá há klíìpù sí live, irin yẹn ti di live, bátìrì lẹ̀ báà fi ń lò ó. Èyí tó ń jẹ iná ògiri tún burú jù, torí klíìpù rẹ̀ ti so mọ́ ilẹ̀ láti ẹnu plọ́ọ̀gì. Oní-USB bíi Hantek 6022BE (20 MHz, ẹnu méjì) ńkọ́? Klíìpù tiẹ̀ so mọ́ laptop yín. Ẹ má fi èyíkéyìí kan apá tí iná NẸPA ń gbà wọ ṣájà.

Bó bá jẹ́ ìrísí iná NẸPA, jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter lẹ fẹ́ wò, ẹ lọ bá àwọn tó ń tún redio ṣe ní Láfẹ́nwá fún tiransfọ́mà 230 V sí 12 V kékeré kan. 12 V yẹn á fún yín ní nǹkan bí 17 V lórí, ó lè lé díẹ̀ nígbà tí ẹrù kò sí. Igun inverter onígun mẹ́rin á rọ̀ díẹ̀ nínú tiransfọ́mà, ṣùgbọ́n ẹ ó dá a mọ̀ yàtọ̀ sí pure sine lójú ẹsẹ̀.

9 V ni DSO138 ń jẹ, kó má ju 10 V lọ. Nítorí náà, ẹ má fà á lára bátìrì inverter tó lè kan 14.4 V nígbà tó bá ń gba iná. Ẹ fi 7809 (IC tó ń sọ fóltì di 9 V) sáàárín. Bẹ́ ẹ bá sì ti fún un jẹ lára bátìrì yẹn, nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ti di klíìpù dúdú nìyẹn: bẹ́ ẹ bá há a síbòmíì lórí bọ́ọ̀dù náà, ṣọ́ọ̀tì ni.

Ẹni tó bá ra èyí tí wọn ò tíì sódà, ẹ wọn TP22 (ojú ìwọ̀n lórí bọ́ọ̀dù) kẹ́ ẹ tó fi sódà pa JP4 pọ̀: 3.3 V ni. Lẹ́yìn náà, ẹ há klíìpù pupa sí J2, ojú ìgbì àdánwò rẹ̀. Ní 0.1V àti X5, ẹ yí C4 (kapásítọ̀ tó ṣeé yí) títí igun ìgbì á fi mú. Ní 1V àti X1, ẹ yí C6. Ẹni tó bá fo èyí, gbogbo ohun tó bá wọ̀n ló máa ní ìwo lórí tàbí kó rọ̀ léjìká.

Tòkúnbọ̀ oní-CRT (gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́), 20 MHz ẹlẹ́nu méjì, ju gbogbo àwọn kékeré yìí lọ ní ìyára. Kò kàn lè dá ìgbì dúró ni: serial tó bá kọjá lẹ́ẹ̀kan ti lọ. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó sanwó, torí àléébù míì kì í yọjú àfìgbà tó bá gbóná. Ẹ fi próòbù sí ojú CAL rẹ̀ (ibi tí ìgbì àdánwò ti ń jáde), kẹ́ ẹ yí VOLTS/DIV ní gbogbo ipò, ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá ń fò tàbí tó ń sọnù láàárín ipò méjì, súwíìṣì ti dọ̀tí. Ìyẹn ṣeé fọ̀. Ìlà tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ ẹ ti gbé INTENSITY dópin, CRT ló ti gbó, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.